Odò Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn

Lálẹ́ àná mo yí i sí mẹ́fà.
Ọyẹ́ ti wọ Alékúwodò,
ó ti fá ètè gbogbo ọmọ àdúgbò,
ó la gìgísẹ̀ mi bí ilẹ̀ oko tí òjò gbàgbé.
Àkàndé jí láàjìn, ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ nímú rẹ̀.
Ó ní, "Àjíún, atẹ́gùn yìí
ń họ mí lọ́fun bí gààrí gbígbẹ."

Kí ẹ̀rọ tó dé,
ó máa ń hanrun bí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù
tó ń ti ìhà Ìkìrun bọ̀:
á hanrun, á hanrun, á gòkè,
á wá dákẹ́ lójijì
bí ẹni tí wọ́n pè síta.
Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo máa ń kà.
Ení. Èjì. Ẹ̀ta.
Mo ti kà á dé mọ́kàndínlógún rí,
ọwọ́ mi láyà rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kún mi lẹ́nu,
kó tó fa èémí gbàmù bí ẹni yọrí lómi.
Ilẹ̀ á mọ́, á ní òun sùn dáadáa.
Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
kò síṣirò tó kó mi láyà jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà ní ọ̀fun rẹ̀ ló ń di pa lójú oorun.
Owó àjẹmọ́nú rẹ̀ ní reluwé wọlé láago mẹ́wàá,
kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti di ẹ̀rọ:
ìbòmú kan, ọ̀pá rọ́bà bí ìfun ewúrẹ́,
àti ike omi tí kò ju agolo mílíìkì méjì lọ.
Wọ́n ní omi tí wọ́n sè di ooru,
tí ooru ọ̀hún tún di omi, ni ká máa bù sí i,
kì í ṣe ti kànga, kì í ṣe ti odò.
Mo rẹ́rìn-ín. Ní Òṣogbo!
Àlejò dé sílùú olómi, ó ní omi wa ò mọ́ tó òun.
Ṣùgbọ́n mo ń rà á ní Òkè-Fìà, mo ń gbé e bí ẹyin.

Nọ́ńbà kan kì í sin ọdún já.
Lóṣù Agẹmọ, tí òjò ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú,
mo fi í sílẹ̀ ní mẹ́rin. Àṣìṣe mi ni.
Láago mẹ́ta òru, ọ̀pá ń dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀,
òjò ń rọ̀ lórí páànù, òjò ń rọ̀ nínú rọ́bà,
omi ta sí i nímú, ó fò dìde,
ó ní òun lálàá pé òun ń rì.
Mo gbọn ọ̀pá dànù lójú fèrèsé,
mo fi ìpèlé rẹ́kẹ́rẹ̀kẹ kan wé e kó má bàa tutù,
mo dá a padà sí ẹyọ kan.

Mi ò fi kàlẹ́ńdà ṣe é mọ́.
Ahọ́n ni mo fi ń tọ́ ètè mi wò.
Bí aṣọ bá gbẹ lórí okùn kí n tó jẹun ọ̀sán tán,
mo mọ̀ pé ó tó yí.
Ó kù síbì kan: bí iná bá lọ, tí bátìrì abẹ́ tábìlì rẹ̀,
ẹ̀rọ á mí kanlẹ̀, á dákẹ́,
èmi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Àwọn tó sọ àdúgbò wa lórúkọ
ní àwọn lé ikú wọ odò.
N ò mọ odò tí wọ́n lé e wọ̀.
Èyí tí mo mọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Àkàndé,
mo ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀, mo ń bu tuntun sí i lálaalẹ́.

Lálẹ́ òní, mẹ́fà náà ni.
Mo tẹ́tí. Ení.
Èjì.
Oorun gbé mi lọ.